Ìwé Tó Ku Apá Àpòmù

Ọjọ́ Ajé, 12 Òkítóbà, 1936

Ohun tí kò jẹ́ kí n sùn lánàá: orúnkún òsì. Òjò tó fẹ́ ba kòkó tí a sá jẹ́. Ikán nínú àpótí ìwé. Moses ọmọ ẹgbẹ́ wa, tó ti ṣèlérí ìtàn ọjà àtijọ́ láti oṣù Kẹjọ. Atẹ̀wé ní Ìbàdàn — ó ní bí iṣẹ́ wa kò bá pé lọ́wọ́ òun kí Nòfẹ́ńbà tó parí, kàlẹ́ńdà ọdún tuntun lòun máa gbájú mọ́, ó di ẹ̀yìn Àjíǹde. Àti Àáfà Rùfáì ní Àpòmù. Ti Àáfà ló wúwo jù.

Àwa méje la dá ẹgbẹ́ òǹkọ̀wé yìí sílẹ̀, èmi ni akọ̀wé. A fẹ́ tẹ ìwé kan fúnra wa, láìdúró de ìjọ tàbí ìjọba: ìtàn àti orin Ìkirè àti Àpòmù. Apá Ìkirè fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. Ní ti Àpòmù, orin Àáfà nìkan la gbójú lé. Orin Yorùbá ni, ó dára ju gbogbo ohun tí àwa méjèèje kọ lọ, ṣùgbọ́n lẹ́tà Lárúbáwá ló fi ń kọ ọ́. Atẹ̀wé kò ní irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀. Mo ti ránṣẹ́ sí i: kí ó wá sí Ìkirè, kí ó máa kà, kí n máa kọ. Kò tíì dáhùn.

Ọjọ́bọ̀, 15 Òkítóbà

Èsì dé. Mùkáílà tó ń wọn kòkó lẹ́bàá ọ̀nà ló mú un bọ̀. Ó ní ọmọ Àáfà ló fi lé òun lọ́wọ́. Mo ṣí i. Lẹ́tà Lárúbáwá látòkè délẹ̀!

Ọkùnrin yìí mọ̀ pé n kò lè ka ẹyọ kan nínú rẹ̀. Ọdún mẹ́rin ni mo lò nílé ẹ̀kọ́ gíga l'Ékòó. Ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Mùkáílà ní, "Bàbá, ṣé kí n kà á fún yín?" Mo ní rárá, ó ti yé mi. Akọ̀wé ẹgbẹ́ òǹkọ̀wé — kí ẹlòmíì máa ka lẹ́tà Yorùbá sí i létí! Mo fi í sáàárín Bíbélì, mo pa á dé.

Ọjọ́ Ẹtì, 16 Òkítóbà

Inú ṣì ń bí mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 24 Òkítóbà

Ọjọ́ ìpàdé. Àga méje. Èèyàn méjì: èmi àti Obadiah tíṣà — ẹni tí mo ń pè ní Ọ̀gbẹ́ni Àmọ́, nínú ìwé ìrántí mi yìí nìkan. Gbogbo àwọn yòókù wà lóko, wọ́n ń fọ́ kòkó. Ìtàn Moses dé ṣá, omi kòkó ti ta sí i, ó ń rùn bí ọtí. Mo dà á kọ látòkè délẹ̀.

Mo rojọ́ Àáfà fún Obadiah. Ó ní, "Àmọ́ ẹ̀yin náà, Bàbá, ẹ lọ bá wọn. Máìlì mélòó ni Àpòmù?" Mo ní Ìkirè ni ẹgbẹ́ wà, èmi ni mo kọ́kọ́ ránṣẹ́, mo sì fi ọdún méjì jù ú lọ. Ó rẹ́rìn-ín. "Àmọ́ ṣé ìwé lẹ fẹ́ tẹ̀ ni, àbí oyè lẹ fẹ́ jẹ?"

Aláìlójútì.

Ọjọ́rú, 28 Òkítóbà

Mo wọ bàtà láti lọ sí Àpòmù. Òjò ṣú. Mo bọ́ bàtà. Òjò kò rọ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 1 Nòfẹ́ńbà

Lẹ́yìn ìsìn, Obadiah fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní kí a yọ Àpòmù kúrò pátápátá. Kí a pe ìwé náà ní *Ìwé Ìkirè*, kí a fi ohun tí òun kọ lórí ìmọ́tótó dí àyè tó ṣófo — ojú ewé mẹ́rìnlélógún! Òun á mú gbogbo rẹ̀ lọ sí Ìbàdàn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ó yẹ kí n kọ̀. Mo kàn ń mi orí ṣáá bí ẹni tó gbà.

Ó ti rẹ Jemima, ìyàwó mi, láti máa gbọ́ àròyé mi. Ó ní, "Bàbá Adépọ̀jù, ẹ ti dá Àáfà lẹ́bi tán, ẹ ò sì mọ ohun tí wọ́n sọ."

Ọjọ́bọ̀, 5 Nòfẹ́ńbà

Mo ka ìmọ́tótó Obadiah. Mo sùn lọ lórí ojú ewé kẹta.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10 Nòfẹ́ńbà

Mo mú lẹ́tà náà lọ bá Mùkáílà nídìí ìwọ̀n. Ojú tì mí. Àwọn àgbẹ̀ tò síbẹ̀ pẹ̀lú àpò kòkó. Ó fọkàn kà á ná, ojú rẹ̀ yí padà. Lẹ́yìn náà ó kà á sókè. Mo kọ ọ́ síbí bí mo ṣe rántí rẹ̀:

*Ọ̀rẹ́ mi ní Ìkirè, ẹ má bínú sí irú lẹ́tà yìí. Ojú mi ti fọ́ láti ọdún tó kọjá. Nàfísátù ọmọ mi ló ń bá mi kọ ọ́, kò sì mọ lẹ́tà yín. Ikán ti jẹ ìwé orin mi. Orí mi nìkan ni àwọn orin náà kù sí. Mi ò lè rìn wá. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ màá tẹ́ ẹní dè yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá kí ààwẹ̀ tó wọlé, torí wáàsí ààwẹ̀ kì í jẹ́ kí ohùn kù fún mi.*

Mùkáílà ní, "Bàbá, ẹ ní ó ti yé yín."

Àgbẹ̀ kan pariwo lẹ́yìn pé, "Ẹ wọn kòkó wa jàre!" Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ onítọ̀hún nínú ọkàn mi. Mo kúrò níbẹ̀ kíá.

Ọjọ́bọ̀ mẹ́ta. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n tẹ́ ẹní, tí wọ́n tún ká a. Ọ̀kan nínú wọn, ọjọ́ kejì ọjọ́ tí mo bọ́ bàtà.

Mo gba ilé Obadiah lọ. Ó ti di ìwé náà sínú ìdì. Mo ní kó tú u. Ó ní, "Àmọ́ atẹ̀wé —" Mo ní kó tú u. Ó tú u.

Ọ̀sẹ̀ yìí náà ni oṣù ààwẹ̀ máa lé. Mo ti to ìwé àkọsílẹ̀ méjì, ìgò tàdáwà méjì. Orúnkún kò tíì san. Òjò lè rọ̀. Àáfà lè ti sọ fún Nàfísátù pé kó má tẹ́ ẹní mọ́. Bí kò bá sí ẹní, màá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ọ̀túnla, Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlá oṣù Nòfẹ́ńbà, kí oòrùn tó ràn, mo ń lọ sí Àpòmù.