Ìka Mẹ́ta Lórí Ọwọ́ Òsì Mi

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ bá mi yọ̀! Lánàá, kí a tó jẹun àárọ̀, ọwọ́ tèmi gan-an ni Bàbá Sankunni, olùkọ́ ìṣègùn wa, fi kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń fi ìka mẹ́ta mọ àìsàn lára iṣan tó ń lù ní ọrùn ọwọ́. Ọwọ́ òsì ni wọ́n ń yẹ̀ wò fún obìnrin. Iṣan abẹ́ ìka kìíní á dà bí ejò tó ń wọ́, ìkejì bí ọ̀pọ̀lọ́ tó ń fò, ìkẹta bí pẹ́pẹ́yẹ tó ń lúwẹ̀ẹ́.

Ọ̀rẹ́ mi Ammini ló kọ́kọ́ dì í mú. Ó ní, "Sarojam, ọ̀pọ̀lọ́ tìẹ mà ń fò, ó ń dúró, ó tún ń fò! Ṣé ó mutí ni?" A rẹ́rìn-ín títí.

Bàbá dì í mú pẹ́, wọn ò bá wa rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, má gún egbòogi mọ́, gbé ọmọ odó sílẹ̀."

Ìyá mi, yàrá tó kọjú sí odò ni wọ́n gbé mi sí báyìí, wàrà gbígbóná láàárọ̀, lálẹ́! Ta ni wọ́n ń kẹ́ tó mi?

Wọ́n ní kí n pè yín wá. Mo ní ẹ̀ ń kórè ìrẹsì. Wọ́n ní kí n ṣáà kọ ọ́.

Ẹ kí Bàbá mi. Ẹ bá mi fọwọ́ pa màlúù wa lórí. Tẹ́ ẹ bá máa wá, ẹ má dúró kí ìkórè parí.

Sarojam yín