Bàbá Mi, Mi Ò Gbọ́ Òórùn Edé Mọ́

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Imú mi ti kú. Ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ máa sọ ọ́ fún, ó sì ti pẹ́ tó yẹ kí n ti sọ. Láti ìgbà tí ibà kan ti dá mi dùbúlẹ̀ nínú ọyẹ́ tó kọjá ni mi ò ti gbọ́ òórùn ohunkóhun mọ́. Àlùbọ́sà ni o, ísáàlì balùwẹ̀ ni o, òógùn ara tèmi gan-an ni o. Mo tiẹ̀ ṣí ike irú tí ìyàwó mi fi pamọ́ sẹ́yìn fìríìjì, mo ki imú bọ̀ ọ́ bí ẹni ń fín áṣáà. Òfo. Ẹni tí ò gbọ́ òórùn irú, kí ló tún ń wá ní ilé ìdáná?

Mo ń tan ara mi pé yóò padà bọ̀ sípò. Oṣù ń gorí oṣù, mi ò sọ fún ìyá Rọ́fíà, mi ò sọ fún Rọ́fíà ọmọ wa.

Ẹ mọ ìdí tí mi ò fi lè sọ. Edé inú óòfù tí ẹ kọ́ mi ni mo fi ń jẹun. Ilé wa ní Agbowó níbí ni mo ti ń sè é. Àwọn èèyàn á pè mí láti Bódìjà títí dé Ríńgì Róòdù, ọlọ́kadà á sì gbé e lọ fún wọn ní gbígbóná. Tí wọ́n bá gbọ́ pé ẹni tó ń sè é ò lè fi imú mọ edé tó ti ń bàjẹ́, ta ló máa tún rà á lọ́wọ́ mi? Tí mo bá dé ọjà, mo ṣì ń gbé edé sún mọ́ imú bí ẹ ti ń ṣe, màá mi orí bí ọ̀gá. Ẹ̀tàn ni, Bàbá. Ojú nìkan ni mo fi ń mọ̀ ọ́n: èyí tí orí rẹ̀ bá ti ń dúdú, mi ò ní mú un. Síbẹ̀, ọkàn mi kì í balẹ̀ títí ẹni tó jẹ ẹ́ yóò fi pè mí padà.

Ẹ rántí bí ẹ ti máa ń ṣe nínú àwẹ̀? Nígbà tí ẹ ń ṣe kúùkù ní ilé ìgbàlejò, àwọn tí ò gbààwẹ̀ lẹ ń sè fún, bẹ́ẹ̀ ẹ kì í tọ́ ọ wò. Àfáà ní ẹni tó ń dáná lè fi ahọ́n kàn án kó sì tutọ́ rẹ̀ dànù. Ẹ kọ̀ jálẹ̀. Ẹ̀yin á ṣí ilẹ̀kùn óòfù díẹ̀, ẹ á di ojú, ẹ á fà á símú, ẹ á ní iyọ̀ ò tó. Mo máa ń jiyàn nígbà náà pé iyọ̀ ò lóòórùn. Ẹ ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ata tí iyọ̀ ti wọ̀ lára máa ń rùn yàtọ̀. Bí mo ṣe di ẹni tí kì í fi ahọ́n kan oúnjẹ nínú àwẹ̀ nìyẹn. Tí kì í bá ṣe oṣù àwẹ̀, màá kán omi ata sí àtẹ́lẹwọ́, màá lá a, torí ahọ́n mi ṣì mọ iyọ̀. Nínú àwẹ̀ yìí ńkọ́? Mi ò ní ahọ́n, mi ò ní imú.

Ó wá di òní. Àlàájà kan ní Bódìjà tó máa ń fún àwọn èèyàn níṣìínu ní kí n bá òun sè. Mo bó edé, mo la ẹ̀yìn rẹ̀, mo yọ ìfun dúdú inú rẹ̀ bí ẹ ti kọ́ mi. Mo gún ááyù àti atalẹ̀ mọ́ ata rodo, mo pò ó mọ́ bọ́tà àti omi ọsàn wẹ́wẹ́, mo fi pa á lára. Mo tò ó sínú páànù, mo tan óòfù, mo ti í sínú rẹ̀, mo sì lọ kírun àsárì ní pálọ̀. Àwẹ̀ ti mú kí orí máa fọ́ ìyá Rọ́fíà, ó ti ti ṣọ́ọ̀bù wálé, ó sì sùn sí yàrá tó kọjú sí ilé ìdáná, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀.

Nígbà tí mo padà, iná ti kú. Edé ṣì wà ní tútù, kò pupa rárá. Inú bí mi, torí oòrùn ti ń lọ. Mo ní atẹ́gùn ló pa iná. Bàbá, ẹ wo ohun tí ọmọ yín ṣe: mo ti fèrèsé pa. Mo ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú, kí atẹ́gùn má tún pa á. Mo wá lóṣòó síwájú óòfù, mo mú ìṣáná.

"Dádì! Ẹ jù ú sílẹ̀! Ẹ má ṣá a!"

Rọ́fíà ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti iléèwé rẹ̀ ní Apẹ́tẹ́ bọ̀. Kí n tó yíjú, ó ti já ìṣáná gbà lọ́wọ́ mi, ọmọ tí kò já nǹkan gbà lọ́wọ́ mi rí. Ó pa gáàsì, ó ṣí fèrèsé, ó fi ẹsẹ̀ ta ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé ṣí.

"Láti gééti ni mo ti ń gbọ́ òórùn gáàsì! Ẹ ò gbọ́ ọ ni? Mọ́mì dà?"

Mo pe ìyá rẹ̀. Kò dáhùn. Mo tún pè é. Bàbá, mi ò lè kọ bí àyà mi ti rí láàárín ìpè àkọ́kọ́ àti ìkejì. Ìgbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà ló tó yí padà.

"Kí lẹ ń pariwo lé mi lórí sí, tó jẹ́ pé orí ọ̀hún ló ń fọ́ mi?"

A mú un jáde sí ìta. Nígbà tó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó rẹ́rìn-ín.

"Háà, Bàbá Rọ́fíà! Ṣé èmi lẹ fẹ́ dín fún Àlàájà ni? Ẹ ò sọ fún mi kí n ti fi ata para!"

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Rọ́fíà ò rẹ́rìn-ín.

"Ọ̀fìnkìn ló dí mi nímú," ni mo wí.

"Ọ̀fìnkìn wo, Dádì? Ẹ ò sín rí látàárọ̀."

"Ìwọ ọmọ yìí, fi bàbá ẹ sílẹ̀," ni ìyá rẹ̀ wí. "Àgbàlagbà ń gbààwẹ̀, ò ń da ìbéèrè bò ó."

Ó gbè mí, Bàbá. Obìnrin tí mo fẹ́ dáná sun ló gbè mí.

Nígbà tí atẹ́gùn ti gba inú ilé dáadáa, Rọ́fíà fúnra rẹ̀ ló tan iná, ó sì dúró tì í. Ọlọ́kadà gbé edé lọ kí wọ́n tó pe màgàríbà. Lẹ́yìn tí a ti ṣínu, Àlàájà pè mí. Mo rò pé èébú ni. Ó ní edé náà dùn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, kí n bá òun sè ju bẹ́ẹ̀ lọ́la. Mo ní, "Kò burú, Àlàájà." Ẹnu mi ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù tó bà mí nígbà náà ju ti ìrọ̀lẹ́ lọ, torí mo rí i pé mo lè máa ṣe é lọ báyìí, kí ẹnikẹ́ni má mọ̀, títí di ọjọ́ tí Rọ́fíà ò ní sí nílé.

Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ bi yín. Lọ́dún tí ẹ lò kẹ́yìn láyé, ẹ ò wọ ilé ìdáná mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń mọ ohun tó wà lórí iná láti ìta, ẹ wá ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ ń bi wá pé kí la ń sè. Ẹ ní àgbà ti dé ni. Ṣé àgbà ni lóòótọ́, Bàbá? Àbí ẹ̀yin náà ń fi pamọ́ fún wa? Ta lẹ rí sọ fún?

Àwọn ará ilé ti lọ kírun àsámù ní mọ́ṣáláṣí. Wọn ò ní pẹ́ dé. Mi ò ní sọ ọ́ lálẹ́ yìí, torí ó ti rẹ ìyá Rọ́fíà, mo sì mọ̀ pé àwáwí ni mo ń ṣe yẹn. Lọ́la, tí a bá ti jẹ sààrì tán, màá ní kó jókòó, kí Rọ́fíà náà jókòó. Màá sọ fún un pé kì í ṣe ọ̀fìnkìn, pé mo mọ̀ pé imú mi ti kú kí n tó tan gáàsì sí ẹ̀gbẹ́ ibi tó sùn sí. Tó bá bínú, màá jẹ́ kó bínú tẹ́ ara rẹ̀ lọ́rùn. Lẹ́yìn náà, màá pe Àlàájà pé mi ò ní sè.

Èmi ni,
ọmọ yín tí àárò yín ń sọ gidigidi.