Ìwé Gbélé-Ẹ Tó Wà Lápò Mi

Beam Park,
Dagenham.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kọkànlá, 2025.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Bọ́ládé,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú ara àìdá. Mo mọ̀ pé lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ni ìwé yìí máa bá yín, torí náà mi ò ní béèrè bóyá àlàáfíà lẹ wà. Àdúrà mi ni pé kí ìrora orúnkún yẹn rọlẹ̀, kí ẹ rí oorun sùn. Mìdé ìyàwó yín ní ẹ ti ń jẹun díẹ̀díẹ̀. Mo dúpẹ́ fún ìyẹn.

Nígbà tí mo wá wò yín lọ́jọ́ Ajé, ẹ di ọwọ́ mi mú, ẹ ní, "Tòkunbọ̀, ìwọ nìkan lo gbà pé mo ṣì lè gbá bọ́ọ̀lù." Mo yí ojú sí fèrèsé. Ẹ rò pé ẹkún ni mo ń fi pa mọ́. Irọ́ ni, ẹ̀gbọ́n. Ìtìjú ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ṣe fún yín.

Ẹ mọ̀ pé líìgì ti fi gbèdéke sí iye tí ẹgbẹ́ lè san fún gbogbo agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ lápapọ̀. Lóṣù tó kọjá, Eden alága wa pè mí, ó ní a ti dé gbèdéke náà, a ò lè mú ẹnikẹ́ni wọlé mọ́, bẹ́ẹ̀ àgbà agbábọ́ọ̀lù méjì ń gbowó lórí ìjókòó nítorí ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n. Sylvanus ni ẹnìkan. Ẹ̀yin ni ẹnìkejì. Mo jà o! Mo ní kí wọ́n gé owó tèmi. Eden ní owó kóòṣì kò sí lára gbèdéke. Nígbà tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó gbẹ̀yìn oṣù náà, èmi náà fọwọ́ sí ìwé gbélé-ẹ méjèèjì, pé kí ẹ máa lọ bí oṣù yìí bá parí.

Mo pe Sylvanus lọ́jọ́ náà gan-an, mo la ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ fún un ní Gẹ̀ẹ́sì. Kò gbà wá ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó bú mi díẹ̀, ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó gbé bàtà rẹ̀, ó lọ.

Tiyín ni mo fi sápò jákẹ́ẹ̀tì. Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ ọ́? Ẹ̀yin tí ẹ gbà mí sílé ní Rippleside nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí mo sùn lórí àga yín fún oṣù mẹ́sàn-án, tí ẹ ra bàtà bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tí mo wọ̀ nílùú yìí. Mo ní ọ̀rọ̀ yìí ju àbúrò lọ, àgbà ló yẹ kó bá àgbà sọ ọ́. Ni mo bá bẹ Wòlíì Ìyìn ìjọ wa pé kó bá mi fọgbọ́n sọ ọ́ fún yín lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú.

Kí ìsìn tó parí, ẹ ti jáde síwájú nínú sùtánà yín, ẹ ń fò sókè, ẹ ń jẹ́rìí pé orúnkún yín ti san. Gbogbo ìjọ kígbe Halelúyà. Wòlíì wò mí, ó mi orí, ó wọ yàrá rẹ̀ lọ. Èmi náà ń pàtẹ́wọ́. Lọ́jọ́ kejì Eden bi mí bóyá mo ti sọ fún yín, mo ní mo ti sọ.

Ní Sátidé ọ̀sẹ̀ náà, ẹ wá bá mi, ẹ ti wọ jẹ́sì, ẹ ní kí n jẹ́ kí ẹ wọlé fún ogún ìṣẹ́jú péré, kí àwọn aláṣẹ lè rí i pé ẹ ṣì wúlò. Mo mọ̀ pé orúnkún yẹn kò san. Dókítà ẹgbẹ́ ti fi fọ́tò inú eegun rẹ̀ hàn mí. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní rárá, ẹ ó bi mí ní ìdí, ìdí sì wà lápò mi. Mo ní, "Ẹ wọlé, sà." Ìṣẹ́jú keje ni ẹ ṣubú. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn yín. Mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ yẹn níbi tí mo dúró sí, mo ṣì ń gbọ́ ọ.

Mìdé sọ fún mi pé dókítà ní ọ̀pá lẹ máa fi rìn, bóyá títí ayé. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ìgbàgbọ́ yín ló kéré. Ojo ni mí, mo sì ń pe ojo ní ọ̀wọ̀. Mo rí Sylvanus lánàá ní Ripple Road. Ó ń tiro díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń sáré lé bọ́ọ̀sì.

Mo ti sọ òótọ́ fún Eden. Bó bá ní kí èmi náà gbélé mi, ó tọ́. Mi ò ní kí ẹ tètè dárí jì mí, ẹ ṣáà má fi ìwé yìí pa mọ́ fún Mìdé. Olúwa tó ń woni sàn yóò wò yín sàn. Ẹ ó dìde, ẹ ó rìn, ojú ò ní tì yín láàárín ẹgbẹ́ yín. Àṣẹ.

Èmi ni àbúrò yín tó sùn lórí àga yín,
Adétòkunbọ̀.

Àfikún: Ìwé gbélé-ẹ náà wà nínú àpòòwé yìí. Ó ti rún díẹ̀. Ẹ wo déètì tó wà lókè rẹ̀, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹwàá, kí ẹ ka ọjọ́ láti ibẹ̀ dé Sátidé yẹn. Ọjọ́ mọ́kànlá ni. A ríra ní mẹ́sàn-án nínú rẹ̀, ẹ̀yin lẹ sì ń kọ́kọ́ kí mi.