Houston Tí Ẹ Sùn Sí, Atlanta Tí Mo Fẹ́ Sá Lọ

Bàbá mi tí mo ń ṣàárò,

Mo kí yín o. Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni, mi ò lọ síbi iṣẹ́ lónìí. Àmínà ti sùn, mo ti lọ wò ó lẹ́ẹ̀mejì bóyá ó ń mí, mo wá jókòó sídìí tábìlì ilé ìdáná wa ní West Ridge níbí láti bá yín sọ̀rọ̀. Lẹ́tà tí mo kọ sí yín kẹ́yìn, ilé ìwé girama ni mo wà, mo ń bẹ̀ yín kí ẹ wá wò mí lọ́jọ́ àbẹ̀wò. Ẹ ò wá lọ́jọ́ náà. Ọ̀sẹ̀ kejì lẹ tó dé, nígbà tí àwọn òbí yòókù ti wá tí wọ́n ti lọ, ẹ gbé búrẹ́dì àti mílíìkì dání, ẹ fi ìka kan orí agolo mílíìkì náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ẹ tó lu ú. Bẹ́ẹ̀ lẹ máa ń ṣe. Kí ló dé, Bàbá? Gbogbo ìgbà ni mo fẹ́ bi yín, mo sì máa ń gbàgbé. Ní báyìí èmi náà ń kàn án lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mi ò sì mọ ìdí rẹ̀.

Ìròyìn tí mo mú wá ni pé a fẹ́ kó kúrò ní Chicago. Ilé ìkẹ́rùsí tí ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́ ní Bolingbrook ń palẹ̀ mọ́. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní ẹni tó bá fẹ́ máa bá iṣẹ́ lọ, kó mú ọ̀kan nínú ìlú méjì ní apá gúúsù: Houston tàbí Atlanta. Ọ̀la Jímọ̀ ni wọ́n fẹ́ gbọ́ èsì. Ọkọ mi fa ọ̀rọ̀ náà lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Ìyá Àmínà, èmi, ibi tí mo bá ti rí ẹrù gbé ni ilé mi. Ìwọ ni kí o mú."

Ẹni tó bá mọ̀ mí á rò pé ọ̀rọ̀ náà ò le. Àǹtí Ìyábọ̀ wà ní Houston, ọmọ yín, ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ìyálé ìyá mi. Ó nílé ńlá níbẹ̀, mọ́ṣáláṣí àwọn Yorùbá ò jìnnà sí i, kò sí irú ẹja gbígbẹ tí èèyàn ò ní rí rà. Atlanta ńkọ́? Mi ò mọ ẹyọ ẹnì kan níbẹ̀. Síbẹ̀, Atlanta ni ọkàn mi ń sá lọ.

Mi ò ní purọ́ fún yín, Bàbá. Owú ni. Mo ń jowú Àǹtí Ìyábọ̀.

Láti kékeré ló ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ bí i lẹ́yìn tí ìyá yín kú, ẹ sọ ọ́ ní Ìyábọ̀, ẹ sì ń pè é ní Ìyá mi títí ó fi dàgbà. Bó bá wọlé, ẹ máa ń sún fún un lórí ẹní, ẹ ó yí rédíò tí ẹ ń tún ṣe sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìyá mi, ṣé o ti jẹun? Èmi tí mo jókòó síbẹ̀ látàárọ̀, tí mo ń bá yín di àwọn nọ́ọ̀tì wẹ́wẹ́ inú rédíò yẹn mọ́wọ́, orúkọ mi lásán lẹ ń pè mí. Ta ló lè bá ìyá ọkùnrin du ọkùnrin?

Mo tiẹ̀ lè gbé ìyẹn mì. Ti oṣù mẹ́rin yẹn ni mi ò lè gbé mì. Àǹtí Ìyábọ̀ ló ṣe ìwé tí ẹ fi wọ Amẹ́ríkà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ lẹ sì balẹ̀ sí. Ẹ ní ẹ ó wá sí Chicago bí òtútù bá lọ, pé eegun yín kì í ṣe eegun yìnyín. Ẹ pariwo ẹ̀ lórí fóònù bí ẹni pé ohùn yín ló fẹ́ fẹsẹ̀ rìn wá. Mo lóyún nígbà náà, mo ti ra bẹ́ẹ̀dì yín, mo ti ra ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn. Wọ́n fi abẹ gbẹ̀bí mi. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo bí Àmínà tí ẹ fi kú. Àárọ̀ lẹ kú, nígbà tó fi máa di ọ̀sán ọjọ́ kejì wọ́n ti sin yín, bí ẹ̀sìn wa ṣe fẹ́ ẹ. Dókítà ní mi ò gbọdọ̀ wọ bàálù.

Orí fóònù ni mo ti sin bàbá mi. Ọkọ Àǹtí Ìyábọ̀ ló di fóònù mú níbi itẹ́ òkú, ó ń ya fídíò náà sí mi bó ṣe ń lọ. Àmínà wà lọ́mú, mo ń wò. Mo rí ẹ̀yìn àwọn ọkùnrin. Mo rí etí aṣọ funfun. Fídíò gé. Nígbà tí mo fi pe padà tí wọ́n gbé e, iyẹ̀pẹ̀ ti kún.

Ọdún méjì rèé. Kò sí ọ̀sẹ̀ tí mi ò rò ó pé ní gbogbo ìgbà tí èmi ń lu fóònù pẹ̀pẹ̀, Àǹtí Ìyábọ̀ dúró níbẹ̀, ó rí yín títí tí wọ́n fi sọ̀ yín kalẹ̀. Mo ti gbọ́ pé níbí, àwọn obìnrin máa ń dúró nídìí sàréè. Ilé àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, Bàbá. Bàbá oníbàbá ni mo ń wẹ̀, èékánná bàbá oníbàbá ni mo ń gé. Ta ló gé èékánná yín ní oṣù mẹ́rin yẹn? Mo mọ̀ ọ́n. Ó ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Mo fèsì pé mo dúpẹ́, mo wá lọ sunkún ní balùwẹ̀.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹ̀sùn sí Houston lẹ́sẹ̀ nìyẹn. Mo ní omi máa ń yalé níbẹ̀. Mo ní oòrùn ibẹ̀ á bó Àmínà lára. Mo ní ẹ̀fọn. Ọkọ mi gbé ìgò omi sílẹ̀, ó ní, "Ṣé kì í ṣe ìlú yẹn ló ṣẹ̀ ọ́ báyìí?" Mo ní igi pọ̀ ní Atlanta, aago wọn sì fi wákàtí kan ṣáájú tiwa. Ó ní, "Kí la fẹ́ fi wákàtí yẹn ṣe?"

Mo wá ṣe ohun tí kò yẹ kí n ṣe. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo fi ohùn mi ránṣẹ́ sí Àfáà Búsàrí, ọ̀rẹ́ yín ní Ìwó, pé kó bá mi ṣe àdúrà ìsìtikáárà, kí Ọlọ́run fi èyí tó dára hàn wá nínú ìlú méjèèjì. Kò sóhun tó burú nínú ìyẹn. Àmọ́ mo fi kún un pé kí ó jọ̀ọ́ jẹ́ kó jẹ́ Atlanta, kí n lè rí nǹkan sọ fún àwọn ará ilé tí wọ́n bá bi mí ìdí tí mo fi sá fún ẹ̀gbọ́n mi. Èsì tí Àfáà fi ránṣẹ́ ò gùn: "Ọmọ mi, ìbéèrè lo mú wá ni àbí ìdáhùn?"

Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni Àǹtí Ìyábọ̀ ń pe Àfáà yìí kan náà, kó bá a ṣe àdúrà fún yín. Ẹ sì mọ ọ̀rẹ́ yín, ẹnu rẹ̀ ò nílẹ̀kùn. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, fóònù mi dún.

"Ìwọ ọmọ yìí, o wá ń bẹ Ọlọ́run kó má jẹ́ kí o bá mi gbé ìlú kan náà. Kí ni mo fi ṣe ọ́?"

Mo kúnlẹ̀ sórí káápẹ́ẹ̀tì. "Ẹ má bínú, Àǹtí mi."

"Dìde ńlẹ̀, mo mọ̀ pé o ti kúnlẹ̀. Ọ̀rọ̀ ni kí o sọ."

Mo sọ ọ́, Bàbá. Mi ò mọ ẹni tó yá mi lẹ́nu. Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ ni wọ́n láyé, ẹ̀yin náà lẹ tún ni wọ́n nínú ilẹ̀. Ẹ gé èékánná wọn, ẹ dúró nídìí sàréè wọn. Èmi, ẹ̀yìn àwọn ọkùnrin ni mo rí. Ṣé kí n tún wá máa rí yín lójoojúmọ́ kó máa ta mí ni?"

Ó gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu mi.

"Ta ló sọ fún ọ pé mo dúró nídìí sàréè?"

Mo ní mo gbọ́ pé àwọn obìnrin máa ń dúró níbẹ̀ níbí.

"Wọ́n ní kí àwa obìnrin dúró lẹ́nu géètì. Inú mọ́tò ni mo wà. Fóònù ni èmi náà fi ń wò ó. Ṣé o rò pé ìwọ nìkan ni ọkọ mi pè? Àwa méjèèjì ló pè pọ̀. Igun dúdú kan wà lókè fóònù ẹ lọ́jọ́ náà, àbí kò sí?"

Ó wà, Bàbá. Mo rò pé fóònù mi ló ń bàjẹ́.

"Èmi nìyẹn. Mo fi ọwọ́ bo kámẹ́rà, kí o má baà rí ojú mi. Ibi tó ti gé mọ́ ọ lọ́wọ́, ibẹ̀ náà ló ti gé mọ́ èmi náà lọ́wọ́."

Mo bi í ìdí tí kò fi sọ láti ọdún méjì wá. Ó ní gbogbo ilé ti ń pe òun ní ẹni tó sin Bàbá, òun sì jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ó wá bínú padà. "O tiẹ̀ ń jowú mi! Oṣù mẹ́rin, bí mo bá se ọbẹ̀, Bàbá á ní, àbúrò ẹ ló mọ̀ ọ́n sè. Bí mo bá gé èékánná, wọ́n á ní, àbúrò ẹ kì í gé e wọ ẹran. Wọ́n ṣí àpótí, ẹ̀bùn ọmọ tí wọn ò tíì bí ní Chicago ló kún inú ẹ̀. Èmi tí mo jẹ́ ìyá wọn, kí ni wọ́n mú wá fún mi? Àgbo! Ọjọ́ tí wọ́n bá ń pariwo mọ́ ọ lórí fóònù, ó máa ń ṣe mí bíi kí n la fóònù yẹn mọ́lẹ̀."

Mo rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín, ẹkún gba ibẹ̀ wọlé. Lóòótọ́ lẹ sọ ọ́, Bàbá? Pé èmi ni mo mọ ọbẹ̀ sè? Kí ló dé tí ẹ ò sọ ọ́ létí mi?

Lẹ́yìn náà ló sọ èyí tó kù. Kò tíì dé ìdí sàréè yín rí. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni láti ilé rẹ̀. Ó máa ń wakọ̀ dé ẹnu géètì, á sì yí padà.

Ẹ má rò pé owú mi tán o. Nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún! Ká ní èmi ni, koríko ibẹ̀ ì bá ti mọ ẹsẹ̀ mi. Ṣùgbọ́n ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Bó bá jẹ́ èmi ni mo wà nínú mọ́tò yẹn, ṣé màá lè sọ̀ kalẹ̀?

Láàárọ̀ yìí, bí ọkọ mi ṣe ń wọ bàtà, mo sọ fún un pé Houston ni. Ó gbé ojú sókè. "Ẹ̀fọn ńkọ́?" Mo ní a ó ra àwọ̀n. "Omi tó ń yalé ńkọ́?" Mo ní kó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Ó rẹ́rìn-ín jáde, ọ̀la ló máa fún wọn ní èsì.

Ẹ̀rù ń bà mí, Bàbá. Mi ò mọ irú ilé tí a ó rí, mi ò mọ ẹni tí yóò máa mójú tó Àmínà, mi ò sì mọ̀ bóyá èmi àti Àǹtí Ìyábọ̀ ò ní jà kí oṣù kan tó pé. Àmọ́ a ti dá Sátidé àkọ́kọ́ tí a bá dé Houston. A jọ máa wọ géètì náà ni, èmi, òun, àti Àmínà láàárín wa. Ẹ ò tíì rí Àmínà rí. Àgbọ̀n yín ló gbé sí ojú.

Ohun kan ni mo fẹ́ tọrọ, ẹ má jẹ́ kí Àǹtí gbọ́. Bí àwa méjèèjì bá dúró níwájú yín, tí a sì jọ kí yín pé àlàáfíà fún yín, ẹ jọ̀ọ́, tèmi ni kí ẹ kọ́kọ́ dáhùn.

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin tí kò tíì mọ bàbá pín.