Ohun Tí Mo Ṣe sí Iṣẹ́ Jerwin

Ẹ̀gbọ́n mi Marivic,

Mo kí yín, mo kí ọkọ yín àtàwọn ọmọ ní Dubai. Ẹsẹ̀ Màmá ti ń san.

Ní hòtẹ́ẹ̀lì tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Iloilo, ẹ̀rọ tó ń pín àwòrán tẹlifíṣọ̀n ń da gbogbo ìkànnì sí gbogbo yàrá, tẹlifíṣọ̀n wá ń dákú. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi pààrọ̀ wáyà lásán. Jerwin, tí mo kọ́ níṣẹ́, tún ẹ̀rọ náà tò, kí yàrá kọ̀ọ̀kan máa gba ìkànnì tó bá béèrè nìkan, gbogbo tẹlifíṣọ̀n sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

Ọ̀gá ní, "Rodante, ṣé o rí ohun tí ọmọ iṣẹ́ ẹ ṣe?"

Owú mú mi. Mo yọ́ lọ tú ètò tó ṣe sínú ẹ̀rọ náà ká.

Jerwin sáré wá. "Ẹ̀gbọ́n, ó ti bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́! Ẹ gbà mí!"

Mo dá ètò náà padà sí bó ṣe tò ó. Ó sunkún, ó dì mọ́ mi.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ yín. Ẹ bá mi gbàdúrà kí n lè jẹ́wọ́ fún un.

Àbúrò yín,
Rodante