Pósí Ìkòkò

Ọjọ́ Iléyá, ìrọ̀lẹ́

Òjò bá mi gbẹ̀san lónìí.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló fi ófùn ìsàlẹ̀ gáàsì mi ṣẹ̀sín káàkiri àdúgbò wa ní Ọ̀rányàn. Ó ní ta ló ń lò ó láyé ìsinsìnyí, pé pósí ìkòkò lásán ni. Òótọ́ ni, ìkòkò ni mò ń kó sí i, àmọ́ mi ò gbàgbé.

Òjò pa iná igi wọn, ẹran àgbò wọn ò sì tíì jinná. Ló bá gbé abọ́ ẹran wọ kíṣìnnì mi: "Ìyàwó mi àtàtà, bá mi yan án nínú ófùn ẹ."

Mo kúnlẹ̀ dáadáa. Mo ní, "Ẹ má bínú, mà. Ta ló ń jẹ ẹran inú pósí?"

Ọkọ mi ní kí n lọ bẹ̀ ẹ́. Ẹran tiwa, tó jinná nínú pósí náà lẹ́yìn tí mo kó ìkòkò kúrò, ló kún ẹnu ọkọ mi bó ṣe ń sọ ọ́.