Ìyàwó Ń Rù Nínú Omi Búlúù

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta
Ọwọ́ ara mi ni mo fi so wáyà méjèèjì lónìí. Àgbá omi búlúù — ásíìdì wà nínú rẹ̀. Bàbà onídọ̀tí, tí ó nípọn bí ìtì igi, wà lọ́tùn-ún: Olóríburúkú ni mo pè é. Bàbà mímọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wà lósì: Ìyàwó. Iná mànàmáná yóò máa bu ẹran ara Olóríburúkú fún Ìyàwó, ìdọ̀tí yóò sì rọ̀ sísàlẹ̀. Ní ọjọ́ Ẹtì, ọ̀gá àgbà yóò wọn Ìyàwó. Bí ó bá sanra, èmi ni olórí yàrá tí a ti ń fọ bàbà mọ́ yìí títí n ó fi fẹ̀yìn tì.

Obìnrin tí ó ń tún iná ṣe já wọlé. Kò kí ẹnikẹ́ni. "Wáyà yìí —" ni ó bẹ̀rẹ̀. Mo ní kí ó padà sẹ́nu ọ̀nà, kí ó kọ́kọ́ kí àgbà. Ó pòṣé, ó bá tirẹ̀ lọ. Má-kíni ni orúkọ rẹ̀ láti òní.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ karùn-ún
Ohun gbogbo wà létòlétò.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹfà
Ó dà bí ẹni pé Ìyàwó rù. Mo nu awò ojú mi. Ó ṣì rù.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ keje
Olóríburúkú ń wú bí ẹni tí ó jogún. Ihò mẹ́ta lára Ìyàwó! Mo fi iná kún un kí ó lè tètè jẹun. Ihò di méje.
Aya mi nílé ní kí n pe ẹni tí ó mọ iná. Kí n lọ bá ẹni tí kò kí mi? Ó ní, "Àbí ìkíni ni bàbà yín ń jẹ?"

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹjọ
Ọ̀gá àgbà fa Ìyàwó sókè. Ìkọ́ tí a fi so ó nìkan ni ó bá a jáde.
"Ta ló so wáyà?"
Mo ní èmi ni. Wọn kò kọ́ wa ní irọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ wa.
Má-kíni ní, "Wọ́n gbé wáyà méjèèjì sípò ara wọn ni, sà. Mo fẹ́ sọ ọ́ lọ́jọ́ Ajé, wọ́n ní kí n lọ kí àwọn ná."
Ọ̀gá àgbà rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́. Ó nu ojú, ó ní Má-kíni ni olórí yàrá láti ìsinsìnyí.
Mo tú wáyà. Má-kíni dúró tì mí lẹ́yìn. "Wáyà pupa sára onídọ̀tí, bàbá. Rárá o, onídọ̀tí! Ẹ dè é le."
Mo dè é le. Mo nàró, mo de bọ́tìnnì ẹ̀wù mi. Mo ní, "Ẹ ṣé, ọ̀gá mi."
Ọdún mẹ́rin ni àkọ́bí mi fi dàgbà jù ú lọ.